Ọwọ́ Ara Ẹni, Owó Ara Ẹni

Ẹni tó bá pe Alápò ní alágídí kò parọ́ mọ́ ọn. Obìnrin náà ń fi awọ rán àpò, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lójú fèrèsé yàrá tó dojú kọ títì. Lọ́jọ́ tó lọ fi orúkọ ìṣòwò rẹ̀ ṣí àkáǹtì ní báǹkì, díẹ̀ ló kù kó bá akọ̀wé jà nítorí àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà. Ọwọ́ Ara Ẹni lorúkọ ìṣòwò náà, ṣùgbọ́n akọ̀wé kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i.

"Ọwọ́ ni mo pè é, n ò pe owó," Alápò sọ fún un. "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ bá mi fi àmì mi sí i."

Akọ̀wé ní ẹ̀rọ àwọn kì í fẹ́ràn irú àmì bẹ́ẹ̀. Alápò ní kí ẹ̀rọ náà lọ kọ́ ọ. Wọ́n bá fi sí i.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi, ó nídìí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Dọ́là, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ni owó àpò tó bá ti òkè òkun wá ń gbà kọjá, torí òun nìkan ló ní àkáǹtì tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ nínú ẹbí. Bọ̀ọ̀dá á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, á tún yọ ti wàhálà, á tún yọ ti káàdì fóònù, kó tó rántí ẹni tó rán àpò. Àgbà tó bá sì jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ṣebí òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Alápò gbé gbogbo ìyẹn mì. Èyí tí kò lè gbé mì ni ti ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí wọ́n ń rí ojú ara wọn. Ọmọ ìlú wa tó ti pẹ́ lókè òkun ni oníbàárà yìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá yí fóònù sọ́dọ̀ Alápò, ó ní, "Ọ̀kan lára àwọn tó ń bá mi rán àpò nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè Alápò. Kò lè fọhùn. Ó dùn ún títí dọ́kàn.

Bó ṣe wá nọ́ńbà oníbàárà náà rí lára páálí tí wọ́n fi ń di àpò ránṣẹ́ nìyẹn, tó sì pè é fúnra rẹ̀. Oníbàárà gbà láti san owó ọjà tó kàn sí Ọwọ́ Ara Ẹni tààrà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé bí owó náà bá há sọ́nà pẹ́nrẹ́n, ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá lòun ń padà sí, torí tiẹ̀ kì í há.

Owó dé, ó sì há. Ẹ̀rọ báǹkì òkè òkun ò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, OWO ARA ENI ló kọ. Ẹ̀rọ tibí wo orúkọ tó wọlé, ó wo orúkọ orí àkáǹtì, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Àmì tí Alápò fi ìjà gbà ló wá dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bọ̀ọ̀dá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyàwó, ṣé mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́? Jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí tèmi. Ṣebí ilé kan náà ni."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá. Ilé kan náà ni. Ọwọ́ kan náà kọ́."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Wọ́n á dá owó yẹn padà o."

"Tí wọ́n bá dá a padà, orúkọ mi ló máa bá a padà."

Ẹnu rẹ̀ le, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá máníjà fúnra rẹ̀. Máníjà ò le. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká yọ àmì yìí kúrò, tàbí kẹ́ ẹ wá àkáǹtì ẹlòmíì tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀."

Alápò nawọ́ sí ìwé tó wà níwájú máníjà. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí tó ti òkè òkun wá sókè."

Máníjà kà á. "Owó ara ẹni." Ó gbọ́ ohun tó kà, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á.

"Èyí tó wà lórí àkáǹtì ńkọ́?"

"Ọwọ́ ara ẹni."

"Ọ̀kan ní ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, èkejì ní owó ara mi ni. Èwo nínú méjèèjì, sà, ló ní kí n lọ gbé e fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi?"

Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yíjú sára ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Máníjà pe akọ̀wé, ó ní kó kọ orúkọ aláìlámì kún ti àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ lè máa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Wọn ò fọwọ́ kan àmì Alápò. Owó wọlé lọ́sẹ̀ náà. Báǹkì yọ tirẹ̀, Alápò sì kùn sí i dáadáa.

Nígbà tó ń di ọjà mìíràn, oníbàárà pè é lórí fóònù tirẹ̀. Bọ̀ọ̀dá jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn orí rẹ̀ nìkan ló hàn nínú fóònù.

"Ta nìyẹn?" oníbàárà bi í.

Alápò yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó fi há aṣọ rẹ̀ láyà.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni," ó ní. "Wọ́n wá bá mi gbé páálí."

Bọ̀ọ̀dá wo fóònù, ó wo páálí. Nígbà tó yá, ó dìde, ó sì gbé e.