Ìkíni Létí Odò Ìjọba

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Nígbà tí èmi àti ọmọ ọmọ mi gbé kẹ̀kẹ́ wa jáde sí etí báyù tó gba ẹ̀yìn àdúgbò wa kọjá ní Richmond níbí, lẹ́bàá Houston, òórùn kan dìde láti inú omi wá bá mi. Òórùn ẹrẹ̀ tútù ni, àti ti koríko tó ti pẹ́ lábẹ́ omi. Báyù ni wọ́n ń pe àwọn odò tóóró tó la agbègbè yìí já. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti gbẹ́ ẹ títí ó fi gún gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ, wọ́n sì la ọ̀nà sétí rẹ̀ fún àwọn tó ń rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Lékeléke ń bẹ níbẹ̀, ìjàpá ń yá oòrùn létí omi, ariwo ọkọ̀ orí freeway ò sì jìnnà. Àmínà, ọmọ ọmọ mi, ti wà níwájú. "Grandma, ẹ sáré now!" ló ń ké. Eré wo ni mo tún fẹ́ sá lọ́jọ́ orí yìí? Mo dúró, mo fa òórùn yẹn símú, mo sì rí ara mi lórí kẹ̀kẹ́ mìíràn, létí odò mìíràn.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, bí mo bá sọ fún yín pé mo gun kẹ̀kẹ́ dáadáa nígbà kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Abúlé tí wọ́n bí mi sí wà níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà parí sí, lọ́nà Àjàṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Ẹni tó fa ààlà ibẹ̀ kò bi wá léèrè kó tó fà á. Ó lẹ́ni tí ilé rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ àwọn Faransé, tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ wa ẹ̀gẹ́ tí yóò jẹ lálẹ́, ìlú òkèèrè ló ń lọ yẹn. Yorùbá kan náà là ń sọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Búrẹ́dì tiwọn gùn, tiwa fẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Odò kan wà lábúlé wa tí kì í ṣe Ọlọ́run ló dá a. Ìjọba àwọn òyìnbó ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kó tó di pé wọ́n bí bàbá mi, kí ọkọ̀ lè máa kó epo pupa gba inú irà já sí ọ̀sà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Odò Ìjọba. Bàbá mi, tó jẹ́ agbẹ́kọ̀ ojú omi, máa ń sọ pé odò náà tọ́ ju ìwà ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Òṣíbàtà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, igi ògùrọ̀ tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ bí àgbà tó ń wá ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sì bá a lọ láti abúlé wa títí dé ibi tó ti wọ ọ̀sà. Lódì kejì ọ̀sà yẹn, ilẹ̀ Àjàṣẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ni Sàlámọ́tù. Orí ẹní kan náà la jọ ń jókòó nílé kéwú, pàṣán kan náà ló sì ń kan àwa méjèèjì. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti túká tipẹ́. Bàbá wá iṣẹ́ lọ sí Kàdúná. Ìyá, Àbẹ̀kẹ́ aránṣọ, padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìhà Àjàṣẹ́. Ilé bàbá lọmọ ń gbé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà Sàlámọ́tù dúró lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀. Màmá yẹn tọ́jú rẹ̀ dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ Àbẹ̀kẹ́ nínú ilé náà, ṣe ni gbogbo ilé máa ń wá nǹkan gbá. Wọ́n ń sọ pé ìyá ni wúrà, wọ́n sì gbé wúrà ọmọ ọlọ́mọ sódì kejì omi, ẹnikẹ́ni ò mú un débẹ̀.

Ní àsìkò ìsinmi ilé ìwé kan, bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Kàdúná pé bí wọ́n bá ti ṣọdún Iléyá tán, kí wọ́n mú ọmọ òun wá bá òun. Sàlámọ́tù kò sunkún. Ó kàn bi mí bóyá Kàdúná jìnnà sí ọ̀sà, mo sì dá a lóhùn pé ó jìnnà gan-an. Ó ní bí òun ò bá rí ìyá òun kí òun tó lọ, òun ò mọ ìgbà tí òun tún máa rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ ló ni kẹ̀kẹ́. Mo bá a fọ aṣọ títí ọwọ́ mi fi bó, kó tó gbà kí n gbé e jáde. A sọ fún ìyá àgbà Sàlámọ́tù pé a fẹ́ lọ wòran létí odò, ká wo ibi tó parí sí. Màmá wo Sàlámọ́tù, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló di àkàrà àti ẹ̀kọ fún wa, oúnjẹ tó tó ènìyàn mẹ́ta jẹ, ó ní, "Ẹ má kí àgbà lórí kẹ̀kẹ́ o."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tó ní "ẹ kú iṣẹ́ o" fún àgbà, tó sì ń kọjá lọ, èébú ló bú u. O gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí o kúnlẹ̀, tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin. Ó rọrùn fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Kẹ̀kẹ́ Bùràímọ̀ ga jù mí lọ. Abẹ́ irin àárín rẹ̀ ni mo ń ki ẹsẹ̀ kan gbà kí n tó lè wà á, gbogbo ara mi á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Sàlámọ́tù á sì di kárííà mú lẹ́yìn mi pẹ̀lú oúnjẹ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí a bá ti sọ̀, ó di kí a tún tì í, kí n sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n fò mọ́ ọn, kí òun náà sì fò mọ́ mi.

Etí odò yẹn sì kún fún àgbà bí ẹni pé wọ́n rán wọn síbẹ̀. A bá bàbá kan tó ń yọ ẹja nínú ìgèrè. A sọ̀, a kúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi wá rẹ́rìn-ín pé ayé ti dé òpin, obìnrin ń gun irin. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí gbogbo àgbà máa ń béèrè: "Ọmọ ta ni yín?" Èmi dárúkọ bàbá mi, bó ti yẹ. Ó kan Sàlámọ́tù. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ọmọ Àbẹ̀kẹ́ aránṣọ ni mí, Àbẹ̀kẹ́ tó wà ní Àjàṣẹ́." Ẹnu yà mí. Orúkọ bàbá làwa fi ń dáhùn, mi ò sì tíì gbọ́ kó dárúkọ yẹn sókè rí.

Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn níbikíbi tí a bá ti sọ̀. Ó sọ ọ́ fún àwọn ìyá tó ń hun ẹní. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sọ́nà ọ̀sà, tí wọ́n bi wá lórí omi. Ó pariwo rẹ̀ sétí bàbá arúgbó kan tí etí rẹ̀ di, títí bàbá fi mi orí. Oòrùn ti ń yí. Inú ń bí mi. Mo ní, "Sàlá, jẹ́ ká kàn juwọ́ sí wọn ká máa lọ. Ilẹ̀ máa ṣú, o ò sì ní rí ìyá ẹ." Ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀ jàre." Nígbà tí a dé ìdí igi tí aṣọ́bodè kan ti ń hanrun, ó tún ní ká sọ̀. Mo ní ọkùnrin yìí ń sùn. Ó ní bó bá ń sùn náà, àgbà ni. Ibẹ̀ ni mo ti kọ̀.

Ìgbà tí a fi máa dé ibi tí odò wọ ọ̀sà, wọ́n ti ń pe ìrun Àlàásárì lódì kejì. Omi fẹ̀. Kò sí ọkọ̀ kankan níhà tiwa. Mi ò lè wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Èmi kọ́ ló ń wò, omi ló ń wò, ni mo bá wo ibẹ̀ náà. Obìnrin kan dúró lọ́hùn-ún, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, tépù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn obìnrin mìíràn dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́nu, ó ké: "Àjọkẹ́ o!"

Àjọkẹ́ ni oríkì Sàlámọ́tù.

Ọkọ̀ gbé ìyá náà wá bá wa. Ó ní láti ọ̀sán làwọn ènìyàn ti ń sọ̀ lókọ̀ tí wọ́n ń wí fún òun pé, "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ rẹ ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ o, ó ń kí gbogbo ayé bọ̀." Òun fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì. Ó di ọmọ rẹ̀ mú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ oúnjẹ ìyá àgbà, ó sì kárí wa. Kí a tó pínyà, ó fa tépù yọ lọ́rùn, ó wọn apá Sàlámọ́tù, ó wọn èjìká rẹ̀, ó wọn ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì tún padà wọn apá tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Aṣọ tó rán fún un dé lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ kan ṣáájú ọdún, òun ni Sàlámọ́tù wọ̀ lọ sí Kàdúná. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí. Mi ò fojú kàn án mọ́ láti ìgbà náà.

Èmi náà dàgbà, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ yẹn ló gbé mi dé Houston. Àwọn ènìyàn etí báyù níbí kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, wọ́n á ní "Hi!", kí o tó dáhùn wọ́n ti kọjá. Mo ti bá wọn ṣe é títí ó fi mọ́ mi lára. Ìtàn Sàlámọ́tù yìí ni mo ń sọ fún Àmínà bí a ṣe ń lọ láàárọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́, nítorí Yorùbá rẹ̀ kò ju oúnjẹ, ìkíni àti ìbáwí lọ.

A yí kọ́nà kan, a rí ìyá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá náà fi híjáàbù funfun borí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, Yorùbá ló sì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Ó dàgbà tó ẹni tó lè pọ̀n mí. Àmínà tẹ bíréèkì. Ó sọ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣubú gbì, ó sì kúnlẹ̀ tòun ti akoto ìgunkẹ̀kẹ́ lórí. "Ẹ káàárọ̀, ma."

Ojú ìyá náà là. "Háà! Ọmọ ta ni ẹ́?"

Àmínà nawọ́ sí mi. "Ọmọ Grandma mi."

Ìyá arúgbó gbójú sókè, ó wò mí, tèmi ti ewú orí mi. "Ìwọ náà ńkọ́? Ọmọ ta ni ẹ́?"

Àwọn dókítà ìlú yìí ti bi mí ní ọjọ́ ìbí mi àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó lè bi mí ní ìbéèrè tìyá yẹn ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ nílé, mo sì ti gbà pé ó tán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Orúnkún mi ń ké, mo kúnlẹ̀ náà ni. Mo dárúkọ bàbá mi agbẹ́kọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dárúkọ ìyá mi, Wúràọlá, mo sọ ọ́ sókè bí Sàlámọ́tù ṣe ń sọ tìyá rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń bẹ lódì kejì omi tó ń dúró dè mí.