Ìlú Tí Àbúrò Mi Ti Ojú Fèrèsé Ọkọ̀ Yàn

Awakọ̀ rélùwéè ni àbúrò mi ọkùnrin. Rọra ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí kò sóhun tẹ́ ẹ lè gbé lé e lọ́wọ́ tó máa sáré ṣe. Ó máa ń rọra jẹun, ó máa ń rọra bínú. Ìyàwó ẹ̀ ní bó ṣe rọra dẹnu ìfẹ́ kọ òun nìyẹn, pé ó ku díẹ̀ kóun gbà fún ẹlòmíì. Onídìrí ni èmi, tí orí yín bá sì ti wà lọ́wọ́ mi, ẹ ò ríbi sá sí, ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò mi dópin ni. Ẹ̀yin tẹ́ ò jókòó síwájú mi, ẹ fún mi lójú yín díẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ìyá Àgbà la ń pè é nínú ẹbí, nítorí pé ó jọ ìyá wa tó ti dolóògbé bí ìmumu, títí dórí bó ṣe máa ń yínmú tí ọ̀rọ̀ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Wárápá ń ṣe ọmọ náà. Mi ò ní fi bò, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Ó lè máa bá yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ojú ẹ̀ ṣàdédé ranjú mọ́ ògiri, kó sì lulẹ̀ gbì. Oògùn tí dókítà ń fún un dín in kù ni, kò mú un lọ. Nílùú ńlá tí wọ́n ń gbé nígbà náà, etí títì ló ṣubú sí lọ́jọ́ kan, ó sì ku díẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí tẹ̀ ẹ́ lórí. Kò pẹ́ sí i ni ọ̀gá ilé-ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ pe ìyá ẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ yòókù.

Dókítà gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó lọ síbi tó parọ́rọ́. Ó ní kí wọ́n wá ìlú tí ilé-ìwé ò ti jìnnà sílé, tí ìyá lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tí wọ́n bá ké sí i, kí ọmọ náà má sì máa dá wọ ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama ló kàn.

Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ jáde. Iṣẹ́ alásè ló ń ṣe nílé ìwòsàn, ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ ló fi ń wọ ọkọ̀ láti ìlú kan sí òmíì. Ó rí ìlú kan tí girama ibẹ̀ wù ú. Tíṣà obìnrin kan níbẹ̀ sọ fún un pé àìsàn yẹn ṣe àbúrò òun náà, pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ dá ọmọ dùbúlẹ̀, wọn ò sì ní pariwo lé e lórí. Ìyàwó wa sunkún ayọ̀ níwájú obìnrin yẹn. Ilé tó rí níbẹ̀ ni ò dáa: yàrá kan àti pálọ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ni, òjò sì máa ń jò sínú kíṣìnnì. Ó ní kò burú, àwọn á fara mọ́ ọn. Àbúrò mi ní ọmọ òun ò ní máa sùn nídìí ariwo irin. Ó ní òun mọ ìlú kan.

Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àmọ́ bí awakọ̀ ṣe ń mọ ìlú ló ṣe mọ̀ ọ́n. Àràárọ̀ ló ń gbabẹ̀ kọjá. Tó bá ti ń wọ tẹ́ṣàn ibẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé ló máa ń rí tí wọ́n kún ẹ̀bá ojú irin fọ́fọ́, aṣọ wọn mọ́, bàtà wọn ń dán, báàgì wà lẹ́yìn, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà. Ó ní kò sí tẹ́ṣàn míì lójú ọ̀nà òun tọ́mọ pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìlú tó bá lè ní irú àwọn ọmọ yẹn, ilé-ìwé ibẹ̀ á dára kọjá sísọ. Tó bá ń sọ ọ́, ojú ẹ̀ á máa tàn bíi pé òun ló bí gbogbo wọn. Èmi náà gbà á gbọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà sì ni àbúrò mi fi ń ṣiṣẹ́, ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ bá a jiyàn?

Ìgbà họlidé ni wọ́n lọ wo ilé. Ilé yẹn dáa, mi ò ní parọ́. Yàrá méjì ni, fèrèsé kọjú sí igi, kíṣìnnì fẹ̀ débi pé èèyàn méjì lè wà níbẹ̀ kí wọ́n má forí gbára. Ìyàwó wa bi ìyá onílé léèrè ilé-ìwé. Ìyá onílé ní kò sí ọmọ kan ládùúgbò àwọn tí kì í lọ sílé-ìwé. Òótọ́ ló sọ, ẹ ò lè bá a wí. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, wọ́n rí ilé-ìwé kan tí wọ́n ya òdòdó sára géètì ẹ̀, wọ́n ti í pa nítorí họlidé, àbúrò mi sì nàka sí i fún ìyàwó ẹ̀ pé ó rí i báyìí. Bí wọ́n ṣe kó ẹrù nìyẹn. Ìyàwó wa fi iṣẹ́ ilé ìwòsàn sílẹ̀, torí ibẹ̀ ti jìnnà jù fún ẹni tó fẹ́ wà nítòsí ọmọ.

Lọ́jọ́ tí àwọn ilé-ìwé wọlé, ó mú Ìyá Àgbà lọ́wọ́, ó di géètì olódòdó. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo ọmọ náà, ó ní ṣé kì í ṣe pé ó ti dàgbà ju ibí lọ. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyàwó wa bi í pé girama wá ńkọ́. Bàbá náà nàka sí ilé gígùn kan lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń kó táìlì ilẹ̀ sí, ó ní ibẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa, gbogbo ọmọ ìlú wọn ló ń wọ rélùwéè lọ kàwé níbòmíì. Ó ní ṣé wọn kì í rí wọn ní tẹ́ṣàn ni.

Ó pe ọkọ ẹ̀, fóònù ò lọ. Wọn kì í tan fóònù nídìí ọkọ̀, òfin iṣẹ́ wọn ni. Ló bá pè mí. Mo ń fi iná jó ìdí irun tí mo dì fún oníbàárà kan lọ́wọ́, mo fẹ́ ní kó pè mí padà, ni mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀. Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “àwọn ọmọ tí ọkọ mi ń rí yẹn, wọn kì í kàwé níbí o. Wọ́n ń sá kúrò níbí láràárọ̀ ni. Ọkọ̀ tóun fúnra ẹ̀ ń wà ni wọ́n ń wọ̀.”

Ẹ má bi mí pé ṣé àbúrò mi ò rí wọn bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀ ni. Èmi náà bi í, mo fi ìbínú bi í, mo pè é ní orúkọ tí ìyá wa ò sọ ọ́. Ó ní awakọ̀ kì í wo ẹ̀yìn. Iwájú ló ń wò, iná ojú irin ló ń wò. Tó bá ti dúró, àwọn ọmọ náà ti bọ́ sẹ́yìn òun, ẹnì kejì òun tó wà ní ìparí ọkọ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn tó sì ń tì í. Ó ní òun rò pé ilé-ìwé wọn wà nídìí tẹ́ṣàn ni, pé wọ́n ń dúró de ara wọn. Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èyí tó ń rìn jìnnà lójoojúmọ́ ló wá ṣe báyìí fún wa.

Ibi tá a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Wọ́n sáré padà sọ́dọ̀ tíṣà obìnrin yẹn. Àyè ti kún, wọn ò rí àga kan ṣoṣo. Ìyàwó wa kúnlẹ̀ sí kíláàsì níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Tíṣà náà kúnlẹ̀ tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, pé agbára òun ò gbé e. Ilé ẹ̀yìn wẹ́dà ti ní ayálégbé. Ilé tí wọ́n ti kúrò nílùú ńlá, ẹlòmíì ti ta kọ́tìnnì síbẹ̀. Ọmọ náà wà nílé, ó ń ka ìwé àtijọ́ tó ti kà parí, ó ń bi ìyá ẹ̀ láràárọ̀ pé ṣé lónìí ni. Ìyàwó wa sọ fún mi pé tóun bá gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, òun lè ya wèrè. Àbúrò mi ò jẹun. Rọra di ẹni tí àwo ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Níkẹyìn, girama kan tó wà ní tẹ́ṣàn mélòó kan síwájú gba ọmọ náà. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn á mójú tó o nínú ọgbà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìyàwó wa ní kò séwu. Ó ń bá a wọ ọkọ̀ lọ, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, á tún bá a wọkọ̀ padà. Àwọn èèyàn rò pé ó ń tọrọ bárà ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù ẹnì kan ò lè bọ́ ilé, nígbà tó sì yá, ó ní láti gba iṣẹ́ alásè nílé iṣẹ́ kan. Ọjọ́ tó gba iṣẹ́ yẹn ló tó sunkún. Ó ní òun ti ta ọmọ òun.

Àbúrò mi wá ronú kan ọgbọ́n kan. Ó lọ bẹ ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́ fún wọn pé kó máa fi òun sí ọkọ̀ àárọ̀ yẹn àti ti ìrọ̀lẹ́ tó ń padà. Ọ̀gá náà gbà. Ìyá Àgbà á wọ kóòṣì àkọ́kọ́, á jókòó síbi tí ẹ̀yìn ẹ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀. Àbúrò mi ní dókítà sọ pé kó má dá wọ ọkọ̀, ṣé ẹni tí bàbá ẹ̀ ń wà á ló dá wọ ọkọ̀? Ó ní bí nǹkan bá ṣe é, ilẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín àwọn.

Ẹ wá wò ó, àìsàn náà lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọmọ náà ò ṣubú nílé mọ́. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá dé, ìyá ẹ̀ sì máa ń rí ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan aṣọ ẹ̀, á ní eré làwọn ṣe. A dúpẹ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti bú mi tán. Ẹ rí i báyìí pé atẹ́gùn ìlú yẹn bá a lára mu.” Mo tiẹ̀ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agogo pàjáwìrì dún nínú yàrá awakọ̀. Obìnrin kan tí kò wọ ọkọ̀ yẹn rí ló fa okùn, ó sì pariwo sínú ẹ̀rọ pé ọmọ ilé-ìwé kan ń kú lọ níwájú. Òfin wọn ni pé tí agogo bá dún láàárín ọ̀nà, awakọ̀ ò gbọ́dọ̀ fi ìjókòó sílẹ̀, kó wa ọkọ̀ dé tẹ́ṣàn tó kàn ni. Àbúrò mi wà á. Ó ní òun ò mọ bí ọwọ́ òun ṣe ń ṣe é, pé ẹnu òun kàn ń pe orúkọ ọmọ náà ni. Nígbà tó dúró, ó já ilẹ̀kùn ṣí.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti pagbo yí i ká. Wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ dá a dùbúlẹ̀, wọ́n ti bọ́ súwẹ́tà wọn sábẹ́ orí ẹ̀, ẹnì kan ń nu itọ́ ẹnu ẹ̀. Kò sí èyí tó ń sunkún nínú wọn. Ọmọbìnrin kan tó ga jù wọ́n lọ gbójú sókè, ó rí aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ọkùnrin tó dúró síbẹ̀, kò mọ ẹni tó jẹ́.

“Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, sà,” ó ní. “A mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ó máa tó jí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ilé wọn. Ó ní bí bàbá òun bá fi lè gbọ́, á máa dá ara ẹ̀ lẹ́bi pé òun lòun fà á.”

Àbúrò mi bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń ṣe é nínú ọkọ̀. Ọmọbìnrin gíga náà ní látìgbà tí ìyá ẹ̀ ò ti bá a wá mọ́ ni.

Ìyá Àgbà yè é, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Ó jí kí wọ́n tó kúrò ní tẹ́ṣàn. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àbúrò mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nínú aṣọ iṣẹ́ ẹ̀, ó jókòó sórí àga oníbàárà. Mo ní kó jẹ́ kí n bomi fún un, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “láràárọ̀ ni nǹkan máa ń gbá ilẹ̀kùn yẹn lẹ́yìn mi. Mo máa ń gbọ́ ọ. Mo rò pé àwọn ọmọ ń ṣeré ni.”