Ọkọ Tí Kò Ní Àmì Lórí

Iṣẹ́ gígé kọ́kọ́rọ́ ni Bàbá Ìbejì ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Kì í kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn kó má fọwọ́ kàn án wò bóyá wọ́n tì í. Tí ẹnì kan bá mú kọ́kọ́rọ́ wá pé kó bá òun gé irú rẹ̀, á kọ́kọ́ wo onítọ̀hún tìfura-tìfura: ta ló nilé? Bó ṣe di pé gbogbo àdúgbò ń pè é ní Taló-Nilé nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà, òun ò sì tíì rí ẹni tí oògùn náà pa.

Ó kù díẹ̀ kó pa òun fúnra rẹ̀ lọ́dún tí àwo orin ìyàwó rẹ̀ jáde.

Alágbàfọ̀ ni Ìyá Ìbejì. Ọkọ̀ àtijọ́ kan tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra ló fi ń kó aṣọ oníbàárà kiri. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, òun ni olóhùn iwájú fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan, oríṣi rọ́ọ̀kì tí rédíò kì í fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́, tí gìtá inú rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tó nílò epo. Ariwo lásán ni lójú Taló-Nilé, àmọ́ ariwo ìyàwó rẹ̀ ni. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ àwo náà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Orin kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó tẹ ẹ̀yìn àwo kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ kankan, ohun tó kọ síbẹ̀ ò ju ỌKỌ MI lọ. Ohun tí àwọn èèyàn sì ń gbọ́ lẹ́nu Ìyá Ìbejì nìyí:

*Ọkọ mi daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín títì,*
*Mo tì í, mo tì í, kò mira;*
*Ó ń mu, ó ń mu, kò gbé mi débì kan.*

Obìnrin kan lórí rédíò ní láti ọjọ́ tóun ti ń gbọ́ orin, òun ò rí ìyàwó ilé tó láyà báyìí rí. Àwọn abilékọ ń pe rédíò, wọ́n ń sunkún. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé òtítọ́ ti dé. Àwo tí ẹnikẹ́ni ò kà sí wá ń dún nínú gbogbo takisí. Nígbà tí wọ́n sì bi Ìyá Ìbejì lórí rédíò pé báwo ni baálé ṣe gbà á, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló gún Taló-Nilé lọ́kàn. Láti ìgbà tí àwọn ilé ńlá ti ń fi fóònù ṣí ilẹ̀kùn, ó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí di ọ̀sán láìgé kọ́kọ́rọ́ kan. Daṣẹ́ sílẹ̀, àbí? Kò mira? Alápatà ọ̀ọ́kán tiẹ̀ ń kí i báyìí pé, "Taló-Nilé, ṣé o ti mira lónìí?" Á fẹnu rẹ́rìn-ín lásán, á sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀: ṣé ọ̀rọ̀ òun ti sú ìyàwó òun ni?

Ó wá ń wádìí. Ó lọ bá onígìtá.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà! Mọ́tò ìyàwó yín lorin yẹn ń bá wí. Ẹ bi í léèrè."

Kò gbà á gbọ́. Ó kọjá sọ́dọ̀ ọ̀gá sítúdíò. Ìyẹn yọ gìtá àti ìlù kúrò, ó ku ohùn Ìyá Ìbejì nìkan. Ọkọ náà ló ṣì ń gbọ́.

"Ẹ wò ó, bàbá," ni ọ̀gá sítúdíò wí, "ọ̀rọ̀ yẹn, re-dò ni. Orin ló sọ ọ́ di re-re. Ìyàwó yín ní ká tún un ṣe, èmi ni mo ní kó fi sílẹ̀, torí ó dùn jù."

Taló-Nilé dúpẹ́, ó jáde. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ tán, ó dá a lójú. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bára mu jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ká aṣọ oníbàárà.

"Ìyá Ìbejì, má kọrin. Sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Èwo ni? Ọkọ ni, àbí ọkọ̀?"

Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Onígìtá ti pè mí. Ọ̀gá sítúdíò náà pè mí."

"Mo ní èwo ni?"

"Ọjọ́ tí mo kọ ọ́, ọkọ̀ ni. Mọ́tò tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín títì, tí mo dá nìkan tì. Nígbà tí wọ́n bi mí lórí rédíò, ẹ̀rín pa mí, torí mo rò pé bí gbogbo ayé bá ṣì mí gbọ́, ẹ̀yin ò ní ṣì mí gbọ́." Ó gbé ẹrù aṣọ náà lé èjìká. "Ẹ ti bi onígìtá. Ẹ ti bi ọ̀gá sítúdíò. Èmi tí a jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lẹ bi kẹ́yìn. Bàbá Ìbejì, àná tẹ́ ẹ ń wádìí mi kiri lorin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọkọ."