Òpó Iná Àwọn Àdàbà

Ilé iṣẹ́ iná tó ń bójú tó agbègbè wa ní gúúsù Georgia wú òpó kúrò lẹ́bàá oko Bàbá Hoyt Griner láìbi í ní gbólóhùn kan. Wọ́n ní àwọn ń tún ọ̀nà Sardis ṣe, ni wọ́n bá gbé wáyà sọdá sí òdìkejì, síwájú oko Díákónì Cleve Roundtree. Lójú tiwọn, wáyà lásán ni wọ́n gbé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Àdàbà kì í kàn já wọ oko bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó sórí nǹkan gíga, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó ronú bí ìyàwó tó ń yan aṣọ, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Orí wáyà yẹn ni àwọn àdàbà ti ń ronú láti ayé bàbá Bàbá Hoyt. Nítorí wáyà yẹn, oko Griner ni gbogbo wa ń péjọ sí ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìjọba bá gbà kí a bẹ̀rẹ̀ sí í fìbọn dọdẹ àdàbà. Bàbá ẹ̀ gbà wá lálejò níbẹ̀ títí ó fi kú. Bàbá Hoyt náà sì gba iṣẹ́ ọ̀hún bí ẹni gba oyè. Ó lè gbàgbé ọjọ́ tó gbéyàwó, ó sì ti gbàgbé ẹ̀ rí, àmọ́ Sátidé yẹn kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tó gbọ́ ariwo ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tọ́rọ̀ bá ti kan oko jéró yẹn, ẹ yàgò fún un. Á fi katakata tú ilẹ̀ títí ilẹ̀ á fi rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Á gbin jéró. Tí ó bá gbó, á gé ìlà kan lulẹ̀, á dá ìlà kan sí, á tún gé òmíràn. Lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀, á máa fọwọ́ ṣa koríko kúrò láàárín àwọn ìlà tó gé, nítorí ẹsẹ̀ àdàbà kò lágbára láti tan ilẹ̀ bíi ti adìẹ. Gbangba ló fẹ́ kí ọkà wà. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́: èèyàn lè jẹun lórí ilẹ̀ yẹn láìlo àwo. Òfin kò sì gbà kéèyàn gbé àpò ọkà láti ibòmíràn wá dà sílẹ̀ fún wọn. Èyí tó hù níbẹ̀ nìkan lèèyàn lè gé. Bàbá Hoyt gba òfin yìí gbọ́ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹsẹ Bíbélì lọ.

Bí wáyà ṣe kúrò báyìí, àwọn àdàbà bá a lọ. Wọn ò dágbére. Díákónì Roundtree, tí kò gbin nǹkan kan rí ju òdòdó iwájú ilé lọ, sáré gbin òdòdó olóòrùn, tí àdàbà fẹ́ràn èso ẹ̀, sí gbogbo oko ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìkéde ìpàdé àwọn obìnrin, ó ní kí gbogbo ará mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni ìbọn á ti dún lọ́dún yìí. Bàbá Hoyt wà ní ìjókòó kẹta. Ìyàwó ẹ̀, Màmá Wylene, sọ fún wa pé ó di ìwé orin mú títí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ fi ká kò.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ọmọbìnrin kan ló dá a lóhùn. Ó rọra ṣàlàyé fún un pé nítorí èèyàn ni wọ́n ṣe ń na wáyà, kì í ṣe nítorí ẹyẹ.

Bàbá Hoyt bi í pé, “Ṣé ẹ ti rí èèyàn tó jókòó sórí ẹ̀ rí?”

Ọmọbìnrin náà pe ẹni tó kàn, ni Bàbá Hoyt bá dìde. Ó darí sílé, ó wá àwọn òpó àtijọ́ jọ, ó rì wọ́n mọ́lẹ̀ láàárín jéró ẹ̀, ó sì na wáyà sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wáyà gidi ń kọjá, ó sì so ìdí ẹ̀ mọ́ ilé ẹ̀rọ omi tí bàbá ẹ̀ kọ́, tí ẹ̀rọ inú ẹ̀ ti kú látọjọ́ pípẹ́. Ó kàn nílò nǹkan tó lè so ó mọ́ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Màmá Wylene jáde wá wò ó. “Hoyt, ibo ni iná yẹn ń lọ?”

“Kò lọ síbì kankan.”

“Ibo ló ti ń bọ̀?”

“Kò ti ibì kankan bọ̀.”

“Ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ yẹn náà lo fi gbé e?”

Ó ní kó fún òun lómi.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn aláìmoore náà ti padà. Wọ́n kún orí wáyà débi pé ó tẹ̀ wálẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá kúbùsù tútù sí. Àwa tí a ti ṣèlérí fún Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irọ́ tí a máa pa fún un.

Ni ìjì bá jà. Ó jà ní ọ̀sẹ̀ tí Sátidé ọ̀hún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wó igi pìkánì, ó wó òpó, ó tẹ́ òdòdó Díákónì mọ́lẹ̀ bí ẹní. Iná kú ní gbogbo ọ̀nà Sardis, oòrùn sì yọ lẹ́yìn ìjì bí ẹni tó wá gbẹ̀san. Firísà gbogbo wa kún fún ẹran ìgalà, ẹja àti ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìjọba kó àwọn oníná wá láti ìpínlẹ̀ Ohio tó jìnnà réré sí wa. Àwọn géńdé tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Wọ́n wo ọ̀nà lọ, wọ́n wò ó bọ̀. Nínú gbogbo wáyà tó wó, ti inú oko Bàbá Hoyt ni wọ́n rí.

Bàbá Hoyt sáré jáde. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fìyẹn sílẹ̀. Kò síná nínú ẹ̀.”

Ọ̀gá wọn ní, “Ẹ sún sẹ́yìn, sà. Gbogbo wáyà la máa ń kà sí èyí tó níná.”

“Èmi ni mo nà án. Ẹyẹ ni mo nà án fún.”

Ọkùnrin náà wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tí ìjì ti gba orí ẹ̀ kọjá. Ó fún un ní omi ìgò kan, ó sì bẹ Màmá Wylene kó mú un lọ jókòó síbi ìbòòji. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣiṣẹ́. Òpó tuntun, wáyà tuntun, tiransifọ́mà tó ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ wáyà ńlá, wọ́n fà á wọ ilé ẹ̀rọ omi, wọ́n sì gbé pátákó kọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìnbọn nítòsí ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti parí ọ̀nà Sardis. Wọ́n juwọ́ sí wa. Wọ́n lọ.

Ilé kankan kò níná. Ilé Bàbá Hoyt pàápàá kò níná. Ẹ̀rọ omi tó ti kú nìkan ló níná. A pe ọ́fíìsì títí, wọ́n ní lójú tiwọn, ọ̀nà Sardis ti rí iná. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí èyí, ṣùgbọ́n ìyá mi máa ka ìwé yìí.

Màmá Wylene kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ti firísà ẹ̀ sórí ọmọlanke, ó gbé e wọ ilé ẹ̀rọ omi, ó sì ki wáyà ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ariwo tó dún jáde níbẹ̀ dùn ju orin Kérésìmesì lọ. Nígbà tó fi máa di Sátidé, gbogbo wa ti ń bọ̀ pẹ̀lú firísà, pẹ̀lú okùn iná gígùn, pẹ̀lú àga, pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀pà sísè. Ẹni tí ẹja ẹ̀ ti rọ̀ jù bẹ̀rẹ̀ sí í dín in lójú ẹsẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án, gbogbo ọ̀nà Sardis péjọ sí oko Griner, kò sì sí ìbọn kan lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ẹ rò pé inú Bàbá Hoyt á dùn. Bí ojú ẹ̀ ṣe pọ́n, èèyàn lè sun ẹran lórí ẹ̀. Látàárọ̀, a ti ń fa okùn kọjá lórí àwọn ìlà tó fi orúnkún ṣe, kò sí ẹni tó wolẹ̀. Bí ó bá ṣe ilẹ̀ náà tàbí kò ṣe é, ọ̀kan náà ni lójú wa. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó gbé àga ẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ omi, ó jókòó, ó sì ṣòfin: ẹnì kankan kò ní ki wáyà bọ ibẹ̀ mọ́ tí kò bá kọ́kọ́ bá òun rìn yí oko yìí ká.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn. Ẹran ń yọ́, a ń rìn. Ó ń fi ibi tí jéró ti jábọ́ hàn wá, ó ń fi ibi tó dá sí hàn wá, ó ń bi wá bóyá a rí koríko kan. A ní rárá o, Bàbá. Lóòótọ́, a ò rí ọ̀kan.

Díákónì Roundtree ló dé gbẹ̀yìn, firísà ńlá wà lẹ́yìn ọkọ̀ ẹ̀, omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Gbogbo wa yíjú wò ó. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé Bàbá Hoyt. Wọ́n pẹ́. Ìlà dé ìlà ni wọ́n gbà, àwọn àdàbà sì ń jẹun níwájú wọn láìfò, bí ẹni pé àwọn náà ti ka pátákó.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Díákónì nu ojú. Ó rọra ní, “O ṣe é dáadáa, Hoyt.”

“Sọ ọ́ bí o ṣe sọ tìrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Díákónì wo firísà ẹ̀ tó ń kán. Ó yíjú sí gbogbo wa, ó kó ohùn ìkéde jọ. “Ẹ̀yin ará, mi ò rí oko àdàbà tó dára tó èyí rí.”

Bàbá Hoyt dìde, ó gbé àga ẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣẹ́ kù lápá òsì. Má tẹ jéró mi.”