Ọjọ́ Tí Àna Mi Fi Katakata Fà Mí Wọ Ìlárá

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ní Ìlárá, ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kó tó dọjọ́ náà ni mo ti sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé n kì í gbé ọkọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, èmi fúnra mi ni mò ń tún un ṣe. Wọn ò béèrè. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo já fáfá.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo wọ abẹ́ ọkọ̀ nílé mi ní Ayétòrò. Mo tú nọ́ọ̀tì ìdí jíà, mo da ọ́ìlì tó ti gbó nù, mo sì rọ tuntun sí i bí mo ṣe rí i nínú fídíò. Ọwọ́ lásán ni mo fi dá nọ́ọ̀tì náà padà. N kò fi sípánà fún un le. Mo ń kánjú àtiwẹ̀, kí n wọ aṣọ funfun tí mo ti lọ̀ sílẹ̀.

Èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti kọjá Ìmẹ̀kọ, mo sì ti ń fi iṣẹ́ àárọ̀ yẹn yangàn fún un, nígbà tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò lọ mọ́. Mo tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, àmọ́ táyà kò yí. Àfẹ́sọ́nà mi sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. Ọ́ìlì pupa ti kán tẹ̀lé wa lórí ọ̀dà títí dé kọ́nà.

Ó ní, "Nọ́ọ̀tì yẹn ńkọ́, ṣé o mú un le?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe bàbá rẹ̀. Ó pè wọ́n.

Oko ni wọ́n ti wá, orí katakata wọn, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lórí ọ́ìlì tó kán sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Ta ló tú ìdí jíà yìí?"

Mo ń wo ilẹ̀. Ọmọ wọn ló sọ pé, "Òun fúnra rẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n mú okùn, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ katakata. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti jókòó rí nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fà. Ojú ń tì mí láti sọ pé rárá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n rọra ń fà mí lọ. Mo ti pa ẹ́ńjìnnì, mo fi jíà sí nútírà, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀ kí sítíárìn má bàa há. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, bíréèkì á le bí òkúta. Níbi tí ọ̀nà ti dagẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, okùn dẹ̀, mo tẹ bíréèkì, kò mú. Ọkọ̀ mi lọ fi imú gbá ìdí katakata, iná iwájú fọ́ yángá. Bàbá dúró, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó fara pa, wọ́n tún ń lọ.

Báyìí la ṣe wọ àgbàlá wọn. Àwọn ẹbí ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń retí ọkọ ìyàwó. Mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì lára aṣọ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi kí mi káàbọ̀, ó sì yára fi gèlè bo ẹnu. Mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á.

Bàbá ní, "Ẹ fún un lómi. Ọ̀nà ló dá a dúró."

Wọ́n fún mi lómi, wọ́n sì fún mi lọ́mọ wọn fẹ́ nígbà tó yá. Jíà náà ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé ọkọ̀ mi kúrò ní Ìlárá. Láti ìgbà yẹn, Bàbá kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà rí, kódà nígbà tí ìyàwó mi bá ń sọ ọ́ fáwọn ẹlòmíì. Wọ́n kàn máa ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí n lè wò wọ́n lójú tààrà.