Lẹ́tà Tí Mo Túmọ̀ Fún Ìyá Àgbà

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́. Irọ́ kan ṣoṣo ló ń dun ọkàn mi láyé yìí, òun náà ló sì fa ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, eré ìfẹ́ kan máa ń wá láti ìlú ọba lórí tẹlifíṣọ̀n wa, dúdú òun funfun. Ọkùnrin kan wọkọ̀ ojú omi lọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń dúró dè é. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kò gbọ́ òyìnbó, èmi ni mò ń túmọ̀ fún wọn. Orí ẹní la máa ń jókòó sí, òórùn òrí á máa ta lára wọn. Ayé dùn nígbà yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n padà síbẹ̀.

Bàbá àgbà ti lọ sí Kùmásí tipẹ́, wọn ò padà. Ẹ ti mọ ìdí tí Ìyá àgbà fi fẹ́ràn eré náà.

Lọ́jọ́ tó parí, obìnrin yẹn ń ka lẹ́tà sókè, ó ń sunkún. Òyìnbó rẹ̀ yá jù fún mi. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò gbọ́. Mo ní, "Wọ́n ní omi òkun ti gbé ọkùnrin náà lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá àgbà mú agbádá Bàbá àgbà kúrò lórí ìṣó, wọ́n fi tọrẹ. Wọn ò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo dàgbà, mo ka ìwé tí wọ́n fi ṣe eré náà. Ọkùnrin yẹn ń bọ̀ wálé ni! Mo wá eré ọ̀hún títí. Wọ́n ní àwọn tó ṣe é ti pa á rẹ́, wọ́n ti gba nǹkan mìíràn sórí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo wà níbi iṣẹ́ ní Loganville, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti ń tọ́jú ìyá òyìnbó kan. Ọ̀sán gangan ni, ìyá náà ń sùn lórí àga. Mo yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kí n lè gbálẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, wáyà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí àwòrán yọ. Obìnrin inú eré yẹn ni, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀.

Òórùn òrí gba gbogbo yàrá náà.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ló wà nínú lẹ́tà yẹn?"

Ìyá àgbà ló máa ń fi oríkì pè mí, kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Atlanta. Mo kúnlẹ̀. Ẹnu obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n náà ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo kà nínú ìwé: "Ó ní òun ń bọ̀ wálé, mà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kí n tó la ẹnu, àwòrán ti lọ. Ìyá òyìnbó ti jí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ta ni obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ fún àwọn àgbà yín lọ́dọ̀ dókítà, tí ẹ ò bá gbọ́, ẹ sọ pé ẹ ò gbọ́. Wọ́n lè padà wá béèrè. Èmi ṣì ń wá ohun tí mo máa sọ fún Ìyá àgbà.