Ìtàn Iná Edo Tí Wọ́n Gbà Lẹ́nu Mi

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ là ń gbé ní Rye Lane, ní Peckham, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, òórùn ẹja sì máa ń bá mi wọ kíláàsì. Ìtàn ilẹ̀ Japan ni mo ń kọ́. Sànmánì Meireki ló gbà mí lọ́kàn, sáà kékeré kan tí kò ju bí ọdún mẹ́ta lọ. Iná jó ìlú Edo, tí wọ́n ń pè ní Tokyo lónìí, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ni ààfin bá pa orúkọ sànmánì náà dà, kí aburú lè bá orúkọ àtijọ́ lọ. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú ará ilé. Mummy gbọ́ Edo, wọ́n ní àwọn ará Benin mà jìyà o. Èmi kúkú ti ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé nínú dígí.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn yẹn wọ̀ mí lára ni pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi. Gìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́mọ ọwọ́ ní Ìsẹ́yìn. Màmá àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, wọ́n pa tèmi dà, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ti tẹ́lẹ̀ pè mí mọ́. Èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé tí mo fẹ́ fi wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún kan ní Japan. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa mú.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo fún ọmọ Ìyá Àdínì mọ́sáláṣí wa kà. Yunifásítì kan náà la wà, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, Sister ni mo ń pè é.

"Babes, this is mad o," ló wí. "Jẹ́ kí n bá ẹ check grammar ẹ̀."

Mo dúpẹ́, mo tún ra súyà fún un. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Lẹ́tà dé pé iṣẹ́ mi jọ ti ẹlòmíì tó ti dé ṣáájú, pé kí n má jí iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mi ò mọ ẹni náà títí di ọjọ́ àsálátù tí Ìyá Àdínì ní kí ọmọ òun wá sọ bó ṣe rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Japan gbà. Sister gba máìkì, ó ní gìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lọ́mọ ọwọ́, ìyá àgbà òun ló pa orúkọ òun dà. Àwọn ìyá ń kígbe Subhanallah.

Mo wo Mummy, tó jẹ́ pé àwọn ló gbé mi sáré lọ́jọ́ tí gìrì mú mi. Wọ́n ṣàdúrà fún Sister, Mummy ṣe àmín. Mo dìde, Mummy fa híjáàbù mi.

"Jókòó. Ilé ta la sùn sí nígbà tá a dé London?"

Ilé Ìyá Àdínì ni, ní Brockley, oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo jókòó. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Iṣẹ́ council ni mò ń ṣe. Ní Sunday, mo máa ń lọ ka lẹ́tà hospital fún Mummy. Lọ́jọ́ kan wọ́n dá mi dúró láàárín ìwé, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àsálátù yẹn, ṣé inú ẹ ti rọ̀?"

Sister ni mo ti dárí jì tipẹ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká parí lẹ́tà yìí ná, Mummy."

Wọn ò bi mí mọ́.